Kí Ló Dé Tí Àwọ̀ Oúnjẹ Kì Í Mú Òwú Wa: Ìtàn Aró, Láti Ifẹ̀

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ẹ ti ń fi fídíò kan náà ránṣẹ́ sí mi. Òyìnbó kan da àwọ̀ oúnjẹ sínú omi gbígbóná, ó da fínígà díẹ̀ sí i, ó ti òwú funfun bọ̀ ọ́. Ìgbà tó máa yọ ọ́ jáde, òwú ti pọ́n bí ata rodo, omi tó kù nínú ìkòkò sì mọ́ kedere bí omi ẹ̀rọ. Ìbéèrè yín náà kan ni: ṣé a lè ṣe èyí nínú ilé wa ní Ifẹ̀ níbí? Ṣé òwú tí a ń rà lọ́jà, tí a fi ń hun fìlà àti báàgì, máa mu ún?

Ìdáhùn kúkúrú: rárá, àfi tí òwú yín bá jẹ́ irun àgùntàn. Ìdáhùn gígùn ni mo fẹ́ kọ síbí, torí pé ìtàn wà nínú rẹ̀, ìtàn náà sì kàn wá ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ wá nǹkan mu sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gùn o.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Èyí tó là lórí igi lóko, òwú ni. Èyí tí a ran, òwú ni. Èyí tó wà lójú abẹ́rẹ́, òwú náà ni. Òyìnbó ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwa ní ẹyọ kan péré. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ló wọ́n wa. Òwú oko ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe òwú aṣọ, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi orúkọ kejì ṣe? Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ló jẹ́ pé irun àgùntàn ni olórí òwú wọn. Fídíò tí ẹ ń wò yẹn, ilé alágùntàn ló ti wá.

Irun àgùntàn, ṣẹ́dà, irun orí, èékánná, awọ ara, ìdílé kan ni gbogbo wọn: protein ni wọ́n. Tí nǹkan kíkan bá wà nínú omi, bíi fínígà tàbí ọsàn wẹ́wẹ́, tí omi náà sì gbóná, protein á na ọwọ́ sí àwọ̀ oúnjẹ, á gbá a mú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ẹ bá ṣe kéèkì ọjọ́ ìbí tán, ìka yín lè pọ́n títí di ọjọ́ kejì. Òwú oko kì í ṣe protein. Ìdílé pákó àti bébà ló ti wá, kò sì ní ọwọ́ tó máa nà sí irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ lè sè é di alẹ́, ẹ lè da odindi ìgò fínígà sí i. Ẹ fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ẹ̀ á gba gọ́tà lọ, á wá ku àbàwọ́n tí kò ní orúkọ. Ti acrylic tó kún ọjà wa ní tirẹ̀, epo rọ̀bì ni wọ́n fi ṣe é, omi gan-an kì í fẹ́ wọ inú rẹ̀, ká má tíì sọ àwọ̀.

Ó dáa. Tó bá jẹ́ pé òwú oko ni àwọn ìyá wa ní, tí òwú oko sì le báyìí, báwo ni wọ́n ṣe rí àwọ̀ tí kì í ṣí, tí wọ́n fi ń fọ aṣọ títí aṣọ fi gbó tí àwọ̀ ṣì wà níbẹ̀?

Ẹ̀lú.

Igi inú igbó tó máa ń fà mọ́ igi mìíràn ni ẹ̀lú. Lonchocarpus cyanescens ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀tọ̀ ni òun, ọ̀tọ̀ ni Indigofera tí wọ́n ń gbìn ní Íńdíà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aró kan náà ni ẹ máa bá nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀dọ́ ewé rẹ̀ ni wọ́n ń já. Wọ́n á gún un lódó, wọ́n á mọ ọ́n ní ìṣù-ìṣù, wọ́n á sá a sóòrùn títí tó fi máa gbẹ. Ìṣù gbígbẹ yìí ni wọ́n ń gbé lọ sọ́jà. Tí ẹ bá gbé e dání, ẹ ò lè mọ̀ pé búlúù wà nínú rẹ̀. Ó dà bí ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ, kí n má parọ́.

Ẹnì kejì ẹ̀lú ni eérú. Wọ́n á lu ìdí ìkòkò kan, wọ́n á gbé e lé orí ìkòkò mìíràn, wọ́n á di eérú sínú ti òkè, wọ́n á wá da omi lé e. Omi tó ń kán sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó pọ́n bíi tíì, tó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, òun ni omi eérú. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú rí ní àwọn abúlé kòkó tó yí Ifẹ̀ ká, níbi tí wọ́n ti ń sun èèpo kòkó di eérú, mọ omi náà dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí nǹkan kan: fínígà kan, omi eérú kì í kan. Òdìkejì ara wọn pátápátá ni wọ́n. Ọ̀nà tí òyìnbó gbà fún irun àgùntàn àti ọ̀nà tí àwọn ìyá wa gbà fún òwú oko kò jọra rárá, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti yà.

Ẹ̀lú á wọ inú omi eérú nínú ìkòkò ńlá, wọ́n á bò ó, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ó máa ń rùn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fọ́tò rírẹwà tàn yín, ìkòkò aró máa ń rùn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ni pé àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ń jẹ afẹ́fẹ́ inú omi náà tán. Bí afẹ́fẹ́ bá ti tán, aró tí kì í yòrò nínú omi á wá yòrò. Foomu tó ń dán bíi bàbà á léfòó sókè. Omi abẹ́ rẹ̀ kì í ṣe búlúù, àwọ̀ ìyeyè tó fẹ́ dà bí ewé ló ní.

Ẹ ti òwú bọ̀ ọ́, ẹ yọ ọ́ jáde: àwọ̀ ewé. Ẹ gbé e sókè sí afẹ́fẹ́, ẹ máa wò ó. Lójú yín báyìí ni yóò máa yí padà, tó fi máa di búlúù. Afẹ́fẹ́ ló parí iṣẹ́ náà. Aró ti padà di èyí tí kì í yòrò, inú òwú ló sì wà nígbà tó yí padà, torí náà ó há síbẹ̀. Òwú kò na ọwọ́ mú aró. Wọ́n fi ọgbọ́n mú aró wọlé, wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn ni. Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi, ọgbọ́n yìí ju ti fínígà lọ fíìfíì.

Ẹ̀ẹ̀kan kò tó, ẹ mọ̀. Ẹ tì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, àwọ̀ ojú ọ̀run ló máa fún yín. Tí ẹ bá fẹ́ ẹtù, ìyẹn aṣọ òkè tí àwọn bàbá ń wọ̀ lọ síbi ọ̀rọ̀ pàtàkì, òwú náà ní láti wọ inú aró, kó jáde gba afẹ́fẹ́, kó tún padà wọlé, lọ́pọ̀ ìgbà, títí tó fi máa dúdú bí ẹyẹ ẹtù tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Òwú ni wọ́n ń rẹ láró fún ẹtù o, kí wọ́n tó hun ún. Ti àdìrẹ yàtọ̀: aṣọ tí wọ́n ti hun tán ni wọ́n ń dì, tí wọ́n ń rẹ. Orúkọ rẹ̀ kúkú ti sọ ọ́.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá bàbá mi kì í pe nǹkan kan ní búlúù. Ẹtù, dúdú. Yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé mi, dúdú. Mo rò pé ojú wọn ni. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé ètò àwọ̀ tiwa ni wọ́n ń lò: funfun, pupa, dúdú, aró sì wà lábẹ́ dúdú. Ẹ rántí àwọn ẹyẹ mẹ́ta inú oríkì tí gbogbo wa mọ̀, agbe tó ni aró, àlùkò tó ni osùn, lékeléke tó ni ẹfun. Ẹyẹ mẹ́ta, àwọ̀ mẹ́ta. Ẹyẹ ọ̀tọ̀ fún búlúù kò sí níbẹ̀.

Iṣẹ́ obìnrin ni aró láàárín wa. Ìyá Mápó ni òrìṣà tó ni í, òun náà ló ni ìkòkò mímọ àti àwọn iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin mìíràn. Òkè Ìyá Mápó ṣì wà ní Ìgbẹ́tì títí dòní. Nígbà kan mo rò pé ẹ̀sìn lásán ni wọ́n fi ń bọ ọ́ nídìí aró. Àmọ́ ẹ rò ó wò: ìkòkò tí nǹkan ẹlẹ́mìí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, tó lè bàjẹ́ lóru kan láìsọ ìdí, tí owó ẹ̀lú àti eérú àti ọjọ́ márùn-ún á sì bá a lọ. Èmi náà á gbàdúrà, jàre.

Ilé ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo èyí. Ìyá kan náà lè ran òwú, kó rẹ ẹ́ láró, kó sì hun kíjìpá lórí òfì òòró tó fara ti ògiri. Òwú pípa láró nínú ilé tí ẹ ń pè ní nǹkan tuntun yìí, ẹ̀yìnkùlé ilé ni wọ́n ti ń ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó ní fóònù.

Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ti mọ búlúù láti ọjọ́ tó pẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti iná ni ẹ̀rí rẹ̀ tó kù nínú ilẹ̀, torí òwú máa ń jẹrà. Ní Igbó Olókun, awalẹ̀pìtàn Abidemi Babatunde Babalola àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ hú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó ju 12,000 lọ. Èsì iṣẹ́ wọn tó jáde ní 2017 fi hàn pé níbí, ní Ifẹ̀, ni wọ́n ti ń yọ́ gíláàsì náà, láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15, kì í ṣe pé wọ́n kàn ń yọ́ àfọ́kù tí wọ́n kó wá láti ìlú òkèèrè. Búlúù pọ̀ nínú àwọn ìlẹ̀kẹ̀ yẹn. Ìlú tó lè fi iná ṣe búlúù sínú òkúta, ẹ má sọ fún mi pé àwọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ó yá, pupa ńkọ́?

Pupa ló fún òwú oko ní wàhálà jù. Osùn wà, ìyẹn igi tí wọ́n ń lọ̀ tí wọ́n fi ń para. Osùn o, kì í ṣe Ọ̀ṣun ìpínlẹ̀ wa, ẹ fi àmì sórí ọ̀rọ̀ yín. Osùn lè rẹ òwú di pupa rúsúrúsú, àmọ́ kì í ṣe pupa tó ń pariwo. Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyí: láti ọ̀rúndún 17 ni àwọn ọkọ̀ òkun ti ń kó irú igi osùn láti etí òkun ilẹ̀ adúláwọ̀ lọ sí Yúróòpù, kí àwọn aláró ibẹ̀ fi rẹ irun àgùntàn. Igi wa lọ ń ṣe fáàárí lára àgùntàn wọn.

Pupa tó ń pariwo, inú aṣálẹ̀ ló gbà dé. Ṣẹ́dà pupa ń ti Tripoli wá sí Kano lórí ràkúnmí, láti Kano ó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ àwọn ahunṣọ wa, wọ́n sì fi ń hun àlàárì. Orúkọ náà pàápàá rìnrìn àjò: Hausa ń pè é ní alharini, Lárúbáwá sì ni wọ́n ti mú un. Sányán ni ìkẹta wọn, òwú kòkòrò inú igbó, aláwọ̀ ara rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í rẹ láró. Ẹ wá wo àwàdà tó wà níbẹ̀: nínú gbogbo òwú ìbílẹ̀ wa, sányán gidi ni àwọ̀ oúnjẹ yín lè mú, torí protein ni. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ lára sányán bàbá yín kí ẹ rí ohun tí ojú máa rí.

Àwa náà ní àwọ̀ oúnjẹ tiwa. Poroporo ọkà bàbà, tí àwọn ìyá máa ń sè fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, òun ni wọ́n fi ń se wàrà di pupa lọ́dọ̀ àwọn ará Benin Republic. Òun ni Ghana fi ń se wáákyé. Òun náà ni àwọn aláwọ ní Kano fi ń rẹ awọ ewúrẹ́ di pupa. Oúnjẹ àti awọ. Awọ, ẹ rántí, protein ni. Ìtàn kan náà ni, ibi yòówù kí ẹ gbà á wọlé.

Ibi tí ìtàn ti wá ṣẹ́rí padà nìyí, ibà ló sì fà á.

Ní 1854, ọkọ̀ Pleiad gòkè odò Ọya lábẹ́ Dókítà Baikie. Ajayi Crowther wà nínú ọkọ̀ náà. Baikie ní kí àwọn òyìnbó máa lo kiníìnì déédéé, gbogbo wọn ló sì padà láàyè. Kó tó dìgbà yẹn, ikú ibà ni ọ̀pọ̀ òyìnbó ń kú lójú odò yẹn. Àtìgbà náà ni kiníìnì ti di nǹkan tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣe láìní, èèpo igi láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ń sè kí wọ́n tó rí i. Ní 1856, ọmọ ọdún 18 kan ní London, William Perkin, jókòó sínú iyàrá ilé bàbá rẹ̀, ó ń wá bó ṣe máa fi ohun tí wọ́n yọ láti inú ọ̀dà èédú ṣe kiníìnì. Kò rí kiníìnì. Nǹkan dúdú kan ló rí nísàlẹ̀ ìgò, bó sì ṣe fi ọtí líle fọ̀ ọ́, ó di àwọ̀ àlùkò. Ó ti ṣẹ́dà bọ̀ ọ́, kò ṣí.

Ọmọ ọdún 18 o. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń dúró de JAMB.

Lẹ́yìn Perkin, gbogbo ayé kẹ́místírì ya lé ọ̀dà èédú. Àwọ̀ tuntun ń jáde lọ́dọọdún, púpọ̀ nínú wọn fún irun àgùntàn àti ṣẹ́dà. Ní 1884, Johann Heinrich Ziegler ṣe tartrazine, àwọ̀ ìyeyè, láti fi rẹ irun àgùntàn. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí bisikíìtì tàbí ìgò ohun mímu aláwọ̀ ọsàn tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ wá E102. Tartrazine nìyẹn. Ara aṣọ ló kọ́kọ́ wà kó tó dé inú ikùn yín.

Ẹ tún un kà. Àwọn èèyàn rò pé àwọ̀ oúnjẹ ni ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ sídìí òwú. Ìdàkejì ni. Aró aṣọ ni wọ́n mú lọ sídìí oúnjẹ, fídíò yín kàn ń dá a padà sílé ni.

Ní 1907, ìjọba Amẹ́ríkà to àwọ̀ ọ̀dà èédú méje tí wọ́n gbà láàyè nínú oúnjẹ, torí pé àwọn kan ti ń da májèlé sínú súìtì ọmọdé. Ọ̀kan ṣoṣo nínú méje yẹn ni búlúù. Ṣé ẹ mọ ohun tó jẹ́? Aró ni. Aró tí a mọ̀ yìí, tí wọ́n po mọ́ sulphuric acid kó lè máa yòrò nínú omi lásán. Jámánì ni wọ́n ti rí ọgbọ́n yẹn láti ọ̀rúndún 18. Títí dòní, E132 ni nọ́ńbà rẹ̀.

Ìbí ni mo ti pariwo nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, nínú láíbìrì, wọ́n sì wò mí. Torí pé aró ẹ̀lú, tí ìkòkò ìyá wa fi tìlẹ̀kùn mọ́ inú òwú oko, bí ẹ bá ti fún un ní acid báyìí, kò ní mú òwú oko mọ́. Irun àgùntàn àti ṣẹ́dà ló máa bá lọ. Nǹkan kan náà. Ohun tí ẹ fi pò ó ló ń sọ ọ̀dọ̀ ẹni tó máa sùn.

Lẹ́yìn náà ni Jámánì wá fọwọ́ kan aró fúnra rẹ̀. Adolf von Baeyer ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá bí ènìyàn ṣe lè ṣe aró láìsí ewé. Ó ṣe é, àmọ́ ó wọ́n gógó. Ní 1897 ni ilé iṣẹ́ BASF bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lówó tí ewé kò lè bá díje. Oko aró ní Íńdíà dahoro. Wọ́n fún Baeyer ní ẹ̀bùn Nobel ní 1905. Kó tó pẹ́, agolo aró òyìnbó ti wà lọ́jà wa, kọ́sítíìkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti dípò omi eérú.

Ẹ wò ó láti ojú ìyá aláró. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn láti 1901, ó ń kó aṣọ funfun Manchester wá, owó pọ́ọ́kú. Òwú rírán ti ń kú lọ. Ẹ̀lú gba kí ẹnì kan wọ igbó, kí ẹnì kan gún un, kí ẹnì kan sun eérú, kí ẹ tún dúró ọjọ́ mélòó kan. Agolo kò gba ìyẹn. Ṣí i, pò ó, rẹ ẹ́, kó tó di ọ̀la ó ti gbẹ. Ta ló máa dá obìnrin tó ní ọmọ mẹ́fà lẹ́bi?

Àwọn kan dá a lẹ́bi. Abẹ́òkúta ni ìlú àdìrẹ jù lọ, àdìrẹ wọn ń lọ títí dé Gold Coast àti Senegal. Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1929, ọjà kú. Àwọn oníbàárà ń ráhùn pé aṣọ ń ṣí, pé ó tètè ń gbó, wọ́n sì ní kọ́sítíìkì àti aró agolo ló fà á. Aláké Ladapo Ademola Kejì fi òfin dè wọ́n, ó ní kí àwọn obìnrin padà sídìí ẹ̀lú. Àwọn aláró kò gbà. Ní 1936, ọ̀rọ̀ náà di ohun tí wọ́n ń gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ fún. Òpìtàn Judith Byfield kọ odindi ìwé lórí àwọn obìnrin yìí, The Bluest Hands, tó jáde ní 2002. Ẹ wá a kà.

Èmi wà lẹ́yìn àwọn aláró o, bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ràn ẹ̀lú. Ẹni tó ń pàṣẹ pé kí ẹ padà sídìí ìkòkò, ọwọ́ tirẹ̀ kò dúdú rí. Kò sẹ́ni tó ní kí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń tà wọ́n ní aṣọ láwìn din owó aṣọ kù. Obìnrin ni wọ́n rí bá wí. Ọdún 11 lẹ́yìn ìyẹn, ní 1947, àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tún jáde sí ìgboro lórí owó orí, Funmilayo Ransome-Kuti ló ṣáájú wọn, nígbà tó sì di 1949 Aláké ti kúrò lórí oyè fún ìgbà kan. Ilé ìwé kọ́ wa ní ti 1947. Wọn kò kọ́ wa ní ti 1936.

Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ wá gbé Ori Olokun kalẹ̀ láàárín ìlú ní 1968, tí àwọn ayàwòrán àti òṣèré ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, agolo ti borí tipẹ́. Kàm̀pálà tí ẹ ń rà fún ọjọ́ ẹtì, aró agolo ni, kọ́sítíìkì ni, haidirosi ni. Kò burú. Ó ṣì jẹ́ ìkòkò, ó ṣì ń yí padà lójú afẹ́fẹ́ bíi ti ìyá àgbà, àmọ́ kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kọ́sítíìkì kì í ṣeré.

Wàyí o, fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbìyànjú nǹkan lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Tí ẹ bá ní ẹni tó ń bọ̀ láti London, ẹ ní kó bá yín ra òwú irun àgùntàn. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lásán kó rin gbindin. Ẹ po àwọ̀ oúnjẹ àti fínígà sínú omi mìíràn, ẹ ti òwú bọ̀ ọ́, ẹ gbé e kaná, má jẹ́ kó hó gùdùgùdù, má sì rò ó bí ẹni ro àmàlà, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ á dì pọ̀ bíi fìlà ògbólógbòó. Tí omi bá ti mọ́, ó ti mu ún tán. Ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀.

Tó bá jẹ́ òwú oko lẹ ní, ẹ gbàgbé fínígà. Ẹ lọ sí Òṣogbo, kò jìnnà, tàbí Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, ẹ béèrè àwọn tó ṣì ń ṣe aró. Ẹ sọ pé ẹ̀lú lẹ fẹ́, ẹ má sọ pé aró lásán, torí agolo ni wọ́n máa gbé fún yín. Tó bá sì jẹ́ acrylic, ẹ ra èyí tó ti ní àwọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi owó gáàsì yín jẹun.

Nǹkan kan ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín. Tí ìyá àgbà kan bá wà nílé yín tó ṣe aró rí, ní Mọ̀ọ̀rè, ní Ìlódè, ní Mọdákẹ́kẹ́, níbikíbi, ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń pe ìkòkò tí wọ́n lu nídìí yẹn, àti ọjọ́ mélòó tí wọ́n ń dúró kí aró tó jẹ́. Ó jọ pé orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ fi orúkọ ìlú sí i. Mo ti ń kó o jọ sínú ìwé kan.